Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Ọmọláńgidi Ìdánwò Ọkọ̀ Tó Dúró fún Ọmọdé Ṣeé Gbára Lé

Káàsíìtì ọmọdé, ìyẹn ìjókòó tí a ń de ọmọ mọ́ nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń tà ní Ìkòròdú, ìbáà jẹ́ tuntun inú ṣọ́ọ̀bù tàbí tòkunbọ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, sábà máa ń ní lébẹ́ẹ̀lì kan lára tó ń sọ òfin tí wọ́n fi dán an wò. Èyí tó wá láti Yúróòpù yóò gbé nọ́ńbà R44 tàbí R129. Èyí tó wá láti Amẹ́ríkà yóò sọ pé òun bá òfin ààbò ọkọ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ibẹ̀ mu, òfin tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ FMVSS 213. Kò sí ọmọ ènìyàn kankan tó jókòó sínú rẹ̀ nígbà ìdánwò náà. Ọmọláńgidi ni wọ́n dì mọ́ ọn, tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé ìkọlù ọkọ̀ tó ń sáré bí i kìlómítà 48 sí 50 ní wákàtí kan, tí ó fi jẹ́ pé gbogbo nọ́ńbà tí wọ́n gbé lé ìjókòó náà, láti ara ọmọláńgidi yẹn ni wọ́n ti rí i. Bí ọmọláńgidi náà bá ń parọ́, lébẹ́ẹ̀lì ti bá a parọ́ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni bí a ṣe ń dán ọmọláńgidi náà fúnra rẹ̀ wò kí a tó fi dán ohun mìíràn wò. Àwọn tí mo ní lọ́kàn ni olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní àgbègbè wa, pàápàá nísinsìnyí tí Poli wa àtijọ́ ti di Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 2022, àti òbí tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn lébẹ́ẹ̀lì tó ń rà. Ọmọláńgidi Hybrid III ọlọ́dún mẹ́ta ti Amẹ́ríkà ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé òfin ibẹ̀ tẹ gbogbo ìlànà ìdánwò rẹ̀ jáde fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ní apá ìgbẹ̀yìn ni n óò sọ èyí tí a lè ṣe nínú wákíṣọ́ọ̀bù tiwa, nítorí pé owó ọmọláńgidi gidi kì í ṣe ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ kan ń yọ lápò ní ọjọ́ kan.

Ẹ mọ irú èyí tó wà níwájú yín

Ilé-iṣẹ́ General Motors ló ṣe Hybrid III àgbàlagbà jáde ní ọdún 1976, lẹ́yìn náà ni àwọn ti ọmọdé tẹ̀ lé e. Lónìí, ọlọ́dún mẹ́ta wọn wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 16, ọlọ́dún mẹ́fà wọn 23, ọlọ́dún mẹ́wàá sì wọn 35. Èyí tó dúró fún ọmọ oṣù méjìlá, tí wọ́n ń pè ní CRABI, wọn kìlógíráàmù 10. Yúróòpù ní ìdílé tirẹ̀: oríṣi P ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú òfin R44, oríṣi Q sì ni wọ́n ń lò pẹ̀lú òfin R129 tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2013. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé lẹ́tà Q ni ọjọ́ orí, láti Q0 tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ títí dé Q10. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọlọ́dún mẹ́ta ni gbogbo ọlọ́dún mẹ́ta. Q3 wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 14.6, ó sì fúyẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ ti Amẹ́ríkà lọ. Ọrùn àti àyà wọn kò sì rí bákan náà. Nítorí náà, èsì tí a gbà lára ọ̀kan kì í ṣe ohun tí a lè fi bá èsì èkejì du ipò.

Ohun tí a kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí a wọn ọmọláńgidi náà, kì í sì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ lápapọ̀ nìkan. A ó tú u, a ó gbé orí sórí ìwọ̀n, a ó gbé ọrùn, àyà, ìbàdí, apá àti ẹsẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi wé ohun tí ìwé rẹ̀ sọ. Ó ṣeé ṣe kí àpapọ̀ rẹ̀ pé, síbẹ̀ kí orí ti fúyẹ́ kí ìbàdí sì ti wúwo jù, nítorí ẹnì kan tó pààrọ̀ apá kan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Lára ọmọdé, orí wúwo ní ìfiwéra pẹ̀lú ìyókù ara ju ti àgbàlagbà lọ. Bí ìwọ̀n orí bá yẹ̀ díẹ̀, bí ọmọláńgidi náà yóò ṣe jù síwájú yóò yí padà pátápátá.

Lẹ́yìn ìwọ̀n ni oríkèé. Ẹ na apá rẹ̀ síwájú gbọọrọ, kí ẹ sì máa fún nọ́ọ̀tì èjìká rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí apá náà yóò fi lè dá dúró láìwálẹ̀, síbẹ̀ tí yóò wálẹ̀ bí ẹ bá fi ìka kan tì í fẹ́rẹ́. Ìwọ̀n yẹn gan-an ni a ń wá, pé kí oríkèé lè gbé ìwúwo apá tirẹ̀ nìkan, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣe bákan náà fún ìgbọ̀nwọ́, ìbàdí àti orúnkún, kí ẹ sì tún un ṣe ṣáájú ìdánwò kọ̀ọ̀kan, torí pé ìkọlù kan ṣoṣo ti tó láti tú nọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ yìí kò wu ènìyàn láti ṣe, ó sì rọrùn láti fò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ tí kò ní ìdí ti ń wá.

Ooru ni ọ̀tá tí a kì í rí

Awọ orí àti ara ọmọláńgidi jẹ́ fínílì, irú ike rírọ̀ kan, ọrùn rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tí a fi irin há láàárín, fóòmù sì wà níbi tó yẹ kó ti rọ̀. Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń rọ̀ bí ooru bá mú wọn, tí wọ́n sì ń le bí òtútù bá mú wọn. Fún ìdí yìí ni òfin Amẹ́ríkà fi sọ pé kí a fi ọrùn àti àyà sínú yàrá tí ìwọ̀n ooru rẹ̀ wà láàárín dígírì 20.6 sí 22.2 ti Celsius fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rin kí a tó fọwọ́ kan wọn fún ìdánwò, kí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì wà láàárín ìdá 10 sí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti orí fẹ̀ díẹ̀ ju ìyẹn lọ: dígírì 18.9 sí 25.6.

Ẹni tó bá ti gbé Ìkòròdú rí mọ ohun tí àlàfo dígírì kan ààbọ̀ túmọ̀ sí fún wa. Ìlú tó wà létí ọ̀sà báyìí, ooru rẹ̀ sábà máa ń sún mọ́ dígírì 30 ní ọ̀sán, ọ̀rinrin rẹ̀ sì ń kọjá ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ òwúrọ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló lè mú méjèèjì wálẹ̀, ṣùgbọ́n kí iná tó lọ ni. Bí iná bá lọ fún ogún ìṣẹ́jú láàárín wákàtí mẹ́rin yẹn, ìka tí ń tọ́ka lára tẹmọ́mítà lè padà sí dígírì 21 láìpẹ́ lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ bá gbéra, àmọ́ inú rọ́bà tó nípọn kò ní tíì padà. Afẹ́fẹ́ yàrá máa ń tètè tutù. Rọ́bà kì í yára. Nítorí náà, ẹ fi tẹmọ́mítà kan sínú yàrá, kí ẹ sì fi òmíràn há abẹ́ awọ ọmọláńgidi náà, kí ẹ máa kọ méjèèjì sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iná bá lọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà wákàtí mẹ́rin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, ṣùgbọ́n ìdánwò tí a ṣe nínú ooru tí a kò mọ kò ní ohun tí a lè fi ṣe.

Jíjá orí bọ́ sórí irin

Nínú gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, ti orí ló rọrùn jù láti lóye, òun náà ló sì ń tú àṣírí púpọ̀ jù. A ó tú orí kúrò lára ọrùn. Nínú ihò rẹ̀, ní ibi tí ìwúwo rẹ̀ pàdé gan-an, ni sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta wà: ọ̀kan ń wo iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kan ń wo òsì àti ọ̀tún, ọ̀kan sì ń wo òkè àti ilẹ̀. Accelerometer ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ bí eré nǹkan ṣe ń yí padà tó. Orúkọ òṣùwọ̀n rẹ̀ ni g, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo wa.

Ibi tí orí yóò balẹ̀ sí jẹ́ pákó irin tó nípọn tó mìlímítà 50.8, tó sì fẹ̀ tó mìlímítà 610 ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí a gbé kalẹ̀ sórí nǹkan tí kò ní mì. Kò ṣòro láti bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ irin ní Odógúnyán sọ̀rọ̀ fún irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ sọ fún wọn pé kí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀ dáadáa. Irin tó ti dípẹtà tàbí tí ojú rẹ̀ rí págunpàgun yóò máa fa awọ orí. Ẹ fi sípíríìtì, irú èyí tí àwọn onílé-ẹ̀rọ ń lò láti fọ nǹkan, nu ojú irin náà àti iwájú orí, nítorí òróró ọwọ́ ènìyàn lásán lè mú kí awọ yọ̀ lórí irin.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so orí náà rọ̀ kí iwájú rẹ̀ dojú kọ irin, kí ibi tó rẹlẹ̀ jù lára iwájú orí wà ní mìlímítà 376 sí ojú irin, kí ẹ má sì gbà ju mìlímítà kan lọ gẹ́gẹ́ bí àṣìṣe. Àwọn yàrá ìdánwò ńlá ń lo ohun ìtúsílẹ̀ tó ń jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tú okùn, orí yóò yí díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, èsì yín yóò sì bàjẹ́ kó tó balẹ̀. Ẹ jẹ́ kó já. Ohùn tí yóò dún kúrú, ó sì gbẹ, orí yóò sì ta padà sókè díẹ̀. Ẹ mú un kó má balẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ní báyìí, ẹ ka ohun tí kọ̀ǹpútà kọ. Àwọn ìlà mẹ́ta ti sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta ni a ó pa pọ̀ di ìlà kan, lẹ́yìn tí a bá ti fi asẹ́ tí wọ́n ń pè ní CFC 1000 sẹ́ ariwo kúrò nínú wọn. Òkè ìlà náà gbọ́dọ̀ wà láàárín 250 g sí 280 g. Òkè kan ṣoṣo ni kó ní; ohunkóhun tó bá tún gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún òkè àkọ́kọ́. Sẹ́ńsọ̀ tó ń wo òsì àti ọ̀tún kò sì gbọdọ̀ kọjá 15 g.

Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ kì í wo bóyá ó yege nìkan. Ó ń wo bí ó ṣe kùnà. Bí òkè náà bá kọjá 280, awọ orí ti le, yálà nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí pé òtútù yàrá ti pọ̀ jù. Bí kò bá tó 250, ẹ wo bóyá ooru ti rọ awọ náà, tàbí bóyá wọ́n ti fi nǹkan lẹ̀ ẹ́. Bí ti ẹ̀gbẹ́ bá kọjá 15, ó lè jẹ́ pé orí wọ́ kó tó balẹ̀, tàbí pé sẹ́ńsọ̀ kò jókòó déédéé. Bí òkè kejì bá yọ lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, síkúrù kan ti tú nínú orí: ẹ ṣí i, ẹ ó bá a níbẹ̀. Kí ẹ tó tún un jù, ẹ fún awọ náà ní wákàtí mélòó kan láti padà bọ̀ sípò rẹ̀, nítorí fínílì tí a tẹ̀ kì í padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ọrùn àti àyà

N kò ní fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí àwọn yìí, nítorí ohun èlò wọn pọ̀ ju ohun tí wákíṣọ́ọ̀bù kékeré lè kó jọ lọ. Ti ọrùn, a ó so ọrùn àti orí mọ́ ìdí ọ̀pá gígùn kan tó ń fì, a ó gbé ọ̀pá náà sókè, a ó sì jù ú sílẹ̀ kó lọ gbá alumíníọ̀mù tí a ṣe bí afárá oyin, tí yóò dá ọ̀pá dúró ṣùgbọ́n tí kò ní dá orí dúró. Fún títẹ̀ sí iwájú, ọ̀pá náà gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ ní eré mítà 5.5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí ọlọ́dún mẹ́ta náà sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ láàárín dígírì 70 sí 82. Ọrùn tó bá tẹ̀ jù ti ń ya nínú. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ ó rí ìlà tó ṣí níbi tí rọ́bà ti lẹ̀ mọ́ irin.

Ti àyà, ọmọláńgidi yóò jókòó láìsí ohun tó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró, irin kan tó wọn kìlógíráàmù 1.7 yóò sì gbá a láàárín àyà ní eré mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àyà náà gbọ́dọ̀ wọlé láàárín mìlímítà 32 sí 38. Àwọn egungun ìhà rẹ̀ jẹ́ irin tí a fi ohun tó ń pa ìgbọ̀nrìrì lẹ̀ láti inú. Ohun tó lẹ̀ yẹn ló sábà máa ń kọ́kọ́ bó.

Ọ̀kan kò tó, ìṣirò sì ni yóò sọ bó ṣe tó

Èsì kan ṣoṣo kò sọ nǹkan kan nípa ìgbẹ́kẹ̀lé. Ẹ jẹ́ ká sọ pé a ju orí kan ní ìgbà márùn-ún, gbogbo nǹkan sì rí bákan náà, a sì rí 262 g, 268 g, 259 g, 271 g àti 265 g. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 265. Ẹ yọ ìpíndọ́gba kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ìyàtọ̀ 3, 3, 6, 6 àti 0, láìka bóyá ó dín tàbí ó lé. Ẹ fi ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 9, 9, 36, 36 àti 0. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 90. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ìyẹn iye ìgbà tí a jù ú dín ẹyọ kan, yóò di 22.5. Nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò di 22.5 jẹ́ nǹkan bí 4.74, ìyẹn ni ìyapa. Ẹ fi 265 pín 4.74, ẹ sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, yóò jẹ́ nǹkan bí 1.8.

Ọ̀nà tí NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, ń gbà ka nọ́ńbà yìí ni pé, bí kò bá kọjá ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó dára gan-an. Láti 5 sí 8, ó dára. Láti 8 sí 10, wọ́n lè gbà á. Bó bá ti kọjá 10, wọn kò ní gbà á. Orí wa yìí yege níbẹ̀, ó sì yege ní ti pé gbogbo èsì rẹ̀ wà láàárín 250 sí 280.

Ẹ wá wo orí kejì, tó mú 231 g, 229 g, 233 g, 230 g àti 232 g wá. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà, ìyapa rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń sáré yóò sọ pé èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ó dúró sójú kan. Kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú ní ọjà Sábó náà dúró sójú kan. Ìwọ̀n kan náà ni yóò máa fún oníbàárà láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìwọ̀n náà kò sì ní pé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Orí kejì yìí kò wọ àlàfo tí òfin sọ, nítorí náà ẹ má ṣe lò ó bó ti wù kó dúró ṣinṣin tó. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìdúróṣinṣin àti ìpéye. Méjèèjì ni a gbọ́dọ̀ rí lára ọmọláńgidi kan kó tó jókòó.

Lẹ́yìn èyí, a ó tún ìdánwò náà ṣe pẹ̀lú ọmọláńgidi mìíràn tí ó jẹ́ irú kan náà, àti ní yàrá ìdánwò mìíràn bó bá ṣeé ṣe, nítorí pé a fẹ́ mọ̀ bóyá èsì náà jẹ́ ti irú ọmọláńgidi yẹn tàbí ti ẹyọ kan péré. Nígbà tí a bá wá gbé e sórí ìjókòó tí a sì ṣe àfarawé ìkọlù, wàhálà tuntun yóò dé. Fóòmù ìjókòó, bí bẹ́líìtì ṣe le tó, ibi tí ẹ̀yìn ọmọláńgidi fara tì, gbogbo rẹ̀ ló ń dá kún ìyàtọ̀. Bí èsì bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí ìjókòó ṣùgbọ́n tí orí, ọrùn àti àyà yege nínú ìdánwò tiwọn, ẹ má ṣe dá ọmọláńgidi lẹ́bi. Ẹ lọ wo bẹ́líìtì. Káàsíìtì tuntun sì ni a ń lò fún ìkọlù kọ̀ọ̀kan, nítorí èyí tó ti gba ìkọlù kan ti lè ya níbi tí ojú kò tó.

Kí wọ́n tó ṣe ìkọlù náà, wọ́n máa ń fi ọ̀dà tàbí ẹfun aláwọ̀ kun orí àti orúnkún ọmọláńgidi, àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ibi tí àwọ̀ bá ti kan ìjókòó tàbí ara ọmọláńgidi fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí wọ́n ti gbára wọn. Bí orí bá gbé òkè g ńlá kan jáde, tí a sì rí àwọ̀ orúnkún níwájú orí, a ti mọ ibi tí òkè náà ti wá nìyẹn.

Ohun tí ìdánwò wọ̀nyí kò lè sọ

Ọmọláńgidi lè yege nínú gbogbo ohun tí mo kọ sókè yìí, kó dúró ṣinṣin, kó sì pé, síbẹ̀ kó má jọ ọmọ ènìyàn níbi kan. Ohun tí a mọ̀ nípa bí ara ọmọdé ṣe ń ṣe nínú ìkọlù kò pọ̀, nítorí pé ìwádìí lórí òkú ọmọdé ṣọ̀wọ́n gan-an, ó sì yẹ kó ṣọ̀wọ́n. Ohun tí àwọn onímọ̀ ṣe ni pé wọ́n mú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa àgbàlagbà, wọ́n fi ìṣirò dín in kù sí ìwọ̀n ọmọdé, wọ́n sì ṣe àtúnṣe sí i. Ọmọdé kì í sì í ṣe àgbàlagbà tí a gé kúrú. Egungun rẹ̀ ṣì rọ̀, ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́ orí tó wúwo.

Ibi tí èyí ti hàn gbangba ni ọ̀rọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá. Òfin FMVSS 213 sọ pé nọ́ńbà ìpalára orí, tí wọ́n ń pè ní HIC, kò gbọdọ̀ kọjá 1000, àyà kò sì gbọdọ̀ kọjá 60 g àfi fún àkókò tí kò ju ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí wọ́n mú Hybrid III ọlọ́dún mẹ́wàá wọ inú òfin náà ní ọdún 2012, wọn kò fi HIC ṣe ìdájọ́ pẹ̀lú rẹ̀ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé àgbọ̀n ọmọláńgidi náà máa ń gbá àyà rẹ̀ ní ọ̀nà líle tí ti ọmọ ènìyàn kì í gbà, nọ́ńbà orí sì ń fò sókè láìjẹ́ pé ìjókòó ló jẹ̀bi. Mo gbà pé ìpinnu tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ó sàn kí ohun èlò má sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò mọ̀ ju kó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú lọ.

Ikùn náà wà ńbẹ̀. Lára ọmọ ènìyàn, bẹ́líìtì ìbàdí lè yọ̀ kúrò lórí egungun ìbàdí kó sì wọ inú ikùn, ìpalára tó burú ni. Nínú díẹ̀ lára àwọn ọmọláńgidi, àlàfo kan wà láàárín itan àti ìbàdí tí bẹ́líìtì máa ń há sí, ìyẹn kò sì ní jẹ́ kó yọ̀ sókè bó ti máa ṣe lára ọmọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo fídíò ìdánwò gbọ́dọ̀ wo ipò bẹ́líìtì fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí nọ́ńbà.

Èyí tí a lè ṣe níhìn-ín

Fún ilé-ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́ ọ̀nà yìí, ọmọláńgidi tí a fi ọwọ́ ṣe tó. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán ara rẹ̀ láti inú aṣọ kánfáàsì, ní apá-apá tí a lè tú kúrò lára ara wọn. Ẹ fi yanrìn gbígbẹ tí ẹ ti sẹ́, tó wà nínú ọ̀rá tí a dì pa, kún ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ìwúwo rẹ̀ yóò fi pé. Yanrìn tó bá lọ́rinrin yóò gbẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwúwo rẹ̀ yóò sì yí padà, nítorí náà ẹ sá a sí oòrùn dáadáa kí ẹ tó dì í. Káfíńtà lè fi igi gbẹ́ orí, kí ẹ fi rọ́bà tíúbù kẹ̀kẹ́ bò ó.

Ohun tó máa ń dí wa lọ́wọ́ ni sẹ́ńsọ̀. Tẹlifóònù kò lè ṣe é. Èyí tó wà nínú wọn kì í sábà kọjá 16 g, a sì nílò èyí tó ń dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà tí ń jẹ́ H3LIS331DL, tó ń ka títí dé 400 g, ó sì ṣeé so mọ́ bọ́ọ̀dù Arduino, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ ètò sí. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ìgbà 1000 ni ó ń kà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí yàrá ìdánwò gidi ń kà tó 10,000 ó kéré tán. Orí tó já sórí irin lásán máa ń parí òkè rẹ̀ láàárín ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí ó túmọ̀ sí pé sẹ́ńsọ̀ yín yóò rí àmì méjì tàbí mẹ́ta péré, òkè gan-an sì lè bọ́ sáàárín wọn. Èsì yín yóò máa yí padà, kì í ṣe nítorí orí, bí kò ṣe nítorí pé sẹ́ńsọ̀ ń fò ó. Ẹ tẹ́ fóòmù líle tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sórí irin náà, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìjábọ́ márùn-ún. Òkè yóò rẹlẹ̀, yóò sì gùn sí i tí sẹ́ńsọ̀ yóò fi rí i. Àlàfo 250 sí 280 g kò kàn yín mọ́ nígbà náà. Ìyapa ni ohun tí ẹ ń wá, ìṣirò rẹ̀ sì ni mo ti ṣe sókè.

Ẹ ju orí náà ní ìgbà márùn-ún ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ẹ tún jù ú ní ìgbà márùn-ún ní aago méjì ọ̀sán nígbà tí yàrá ti gbóná, láìtan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ fi ìpíndọ́gba méjèèjì wéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí pẹ̀lú ojú ara wọn ohun tí dígírì mélòó kan ń ṣe sí rọ́bà, ìdánwò kan ṣoṣo yìí sì lè kọ́ wọn ju ìwé lọ.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ yín, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí, ìwọ̀n ooru méjèèjì, ọ̀rinrin, gíga tí orí ti já, orúkọ ẹni tó tú u sílẹ̀, òkè g, àti ohunkóhun tí ẹ bá pààrọ̀ lára rẹ̀ láti ìgbà tó kọjá. Bí ẹ bá pààrọ̀ awọ orí tàbí síkúrù kan ṣoṣo, ohun tuntun ni orí náà. Ẹ tún gbogbo ìjábọ́ márààrún ṣe kí ẹ tó da èsì rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹ sì fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sí àyà ọmọláńgidi náà pé fún ẹ̀kọ́ nìkan ni, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣe ìdájọ́ káàsíìtì ọmọ kankan, nítorí pé yóò wà nínú wákíṣọ́ọ̀bù yẹn lẹ́yìn tí àwọn tó mọ ohun tí wọ́n fi ṣe bá ti gboyè lọ.